Eérú àti Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ọdọọdún, bí Kérésì bá ku ọjọ́ mẹ́ta,
ìyá àgbà á gbé aago náà sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ,
á gbé e jókòó sórí àpótí ìdáná:
eérú nínú igbá, ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tí a là,
kànìnkànìn tó ti gbó, tó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun.
"Kí ó dán," ni í máa wí,
"kí àlejò má fojú di ilé wa."

Obìnrin idẹ kan ló wà lórí aago náà,
aṣọ já sílẹ̀ léjìká rẹ̀ kan,
ó figbọ̀nwọ́ ti ìkòkò, ó ń wolẹ̀
bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dáhùn.
Ọmọ kékeré kan tó ní ìyẹ́ dúró tì í.
Ìka rẹ̀ kan ti kán kí wọ́n tó bí mi.
Abìyẹ́ ni àwa ọmọdé ń pè é,
a máa ń bu gaàrí sí i lẹ́sẹ̀.

Kútọnu ni bàbá àgbà Arókòyọ̀ ti gbé e wá.
Oṣù mẹ́jọ ló fi sin oníṣòwò Faransé kan
tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ kí owó tó pé;
aago ló fi dípò.
Wọ́n ní nígbà tó rù ú dé Ìsánlú,
ìyàwó rẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní:
"Owó ni a rán ọ. Ìwọ lọ ra àkókò wálé."

Ọdún tí ìyá àgbà lọ, aago dákẹ́.
Mo fi ìró rẹ̀ wé e, mo gba Mọ̀pà, mo gba Ìyàrà,
mo dé ọ̀dọ̀ Jẹ́mírìn atúnaagoṣe ní Kàbà.
"Ọ̀kun o, bàbá."
"Ọ̀kun. Kí lo pọ̀n wá báyìí?"

Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi awò sójú kan.
Lára idẹ inú lọ́hùn-ún, àwọn tó ti tún un ṣe rí
ti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ha orúkọ àti ọdún wọn,
wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ èèrà.
Èyí tó kẹ́yìn: *Kàbà, 1952.*
Jẹ́mírìn yọ awò. Ó nujú.
"Ìkọ̀wé bàbá mi nìyẹn."

Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.
"Orúkọ tó wà lójú aago, ti ọ̀gá ni.
Ẹni tó da idẹ, o rí tirẹ̀?
Ẹni tó gbẹ́ irun obìnrin yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́?
Ẹni tó fi wúrà bò ó,
inú fàdákà tó ń sáré bí omi ló ti yọ́ wúrà náà,
ó kùn ún, ó yan án lórí iná;
fàdákà bá èéfín lọ, wúrà dúró.
Ihò imú rẹ̀ ni èéfín gbà.
Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Eyín á máa jábọ́.
Ọ̀pọ̀ wọn kò pé ogójì ọdún."

Oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Àbújá,
ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀.
"Ta ló họ wúrà rẹ̀ dànù?
Ìdajì owó ti bá a lọ."
Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, mo wo orúnkún rẹ̀:
ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fara jọ wa.
Abẹ́ ìkòkò nìkan, àti ìṣẹ́po aṣọ
tí ìka ìyá àgbà kò lè dé,
ni wúrà sá sí.

N kò tíì fún ọkùnrin náà lésì.
Aago ń lọ, bó tilẹ̀ ń lu mẹ́rin nígbà tó bá di mẹ́sàn-án;
Jẹ́mírìn ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu.
Kérésì ku ọ̀la méjì òní.
Mo la ọsàn wẹ́wẹ́ kan, mo fún un sínú tíì mi.
Aṣọ gbígbẹ ni mo fi nù ún.
Mo jókòó. Abìyẹ́ ń wo gaàrí mi.